Ọwọ́ Tó Ń Fún Aṣọ: Ẹ̀rọ Ìfúnṣọ àti Àwọn Tó Lò Ó ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí Yorùbá bá ní àwọn ń fọṣọ, iṣẹ́ púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kó pọ̀. A ó rẹ aṣọ, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣan án, a ó fún un, a ó sì sá a. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti ìnira tirẹ̀. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ nínú wọn ni fún. Kì í ṣe fún tí a fi ń ta ènìyàn lọ́rẹ ni a ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kò yàtọ̀. Èyí ni ó wà nínú fún ọsàn, fún wàrà àti fún ni lọ́rùn. Agbára ni ó ń bèèrè. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ fún aṣọ ìbora tí omi ti mu yó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kò tó o: ẹnì kan ní láti di etí kan mú, kí ẹnì kejì di etí kejì mú, kí wọ́n sì máa lọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì títí omi yóò fi dá. Fífọ̀ lè fa ìrora ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n fífún ni í jẹ ọrùn ọwọ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nínú ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ẹ̀rọ kan wà tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn láìgbà á tán. Ọpọ́n ńlá kan ni, tí a gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó ní táyà kéékèèké. Abẹ̀bẹ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ tí ń da omi àti aṣọ rú síwá-sẹ́yìn. Ní etí ọpọ́n náà ni ọrùn irin kan dúró sí, tí ó gbé ọ̀pá róbótó méjì tí a fi rọ́bà wé, tí ọ̀kan gun orí èkejì. Àárín ọ̀pá méjèèjì ni aṣọ ń gbà kọjá, tí omi á sì máa ṣàn padà sínú ọpọ́n. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni Yorùbá ń pe gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọ̀pá tó ń fún aṣọ ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ̀kan yìí lórúkọ, nítorí náà ẹ̀rọ ìfúnṣọ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ohun tí ó mú ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkọ ni pé ọwọ́ ènìyàn kò kúrò lára rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀mí gígùn rẹ̀ ti wá.

Ní ọdún 1843 ni John E. Turnbull, ará ìlú Saint John ní New Brunswick tó wà ní Kánádà òde òní, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ní ọ̀pá ìfúnṣọ lára. Ọ̀pá onígi kò lè di aṣọ mú dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàánú bọ́tìnnì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1844, Charles Goodyear gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi ń lo iná àti imí-ọjọ́ láti sọ rọ́bà di ohun tí kì í yọ́ nínú ooru, tí kì í sì í gan nínú òtútù. Láìsí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná ìbá ti ba ọ̀pá ìfúnṣọ jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tí ó parí ní 1865, ọ̀pá rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ yí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé púpọ̀. Wọ́n á fi ìdè irin dè é mọ́ etí ọpọ́n ìfọṣọ, ẹnì kan á máa yí i, ẹlòmíràn á máa ti aṣọ sí i lẹ́nu.

Ọwọ́ ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ọwọ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni. Ní ìlú Atlanta, ilé àwọn oníbàárà ni wọ́n ti ń lọ kó aṣọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ilé tiwọn ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Àwọn fúnra wọn ni ó ń pọn omi, àwọn ni ó ń se ọṣẹ, tí wọ́n sì ń fi èépá àlìkámà ṣe sítáàṣì. Àgbá ọtí tí wọ́n gé sí méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò bí ọpọ́n. Owó tó ń wọlé fún wọn lóṣù kò ju dọ́là mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ní oṣù Keje ọdún 1881, ogún nínú wọn péjọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ afọṣọ sílẹ̀: bí wọn kò bá san dọ́là kan lórí aṣọ tó wọn pọ́n-ùn 12, wọn kò ní fọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye wọn ti tó 3,000. Aṣọ wà ní rírẹ sínú ọpọ́n káàkiri ìlú. Àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ aṣọ wọn padà gbà á ní tútù. Àwọn ọlọ́pàá mú nínú àwọn obìnrin náà, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn fún wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú dábàá pé kí olúkúlùkù afọṣọ máa san dọ́là 25 lọ́dún fún ìwé àṣẹ. Èsì tí wọ́n kọ sí olórí ìlú yẹ fún àkíyèsí àwọn tó ń kọ́ni ní èdè ìdúnàádúrà: àwọn yóò san án, bí ìyẹn bá jẹ́ kí iye tí a ń gbà lórí aṣọ wà ní ìkáwọ́ àwọn. Ìgbìmọ̀ náà jáwọ́ nínú àbá yìí. Tera Hunter ti tọ pinpin ìtàn náà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1997.

Ẹ̀yìn èyí ni ti Ellen Eglin ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò sì gùn. Obìnrin adúláwọ̀ ni, ìlú Washington ni ó ń gbé, ó sì hùmọ̀ ọ̀nà tuntun kan láti fi ọ̀pá fún aṣọ. Ní 1888, ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún aṣojú oníṣòwò kan ní dọ́là 18. Àwọn tó rà á jèrè lórí rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn kékeré kan, The Woman Inventor, bi í léèrè ìdí tí ó fi tà á ní ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, àlàyé rẹ̀ ni pé aláwọ̀ dúdú ni òun: bí àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun bá mọ̀ pé obìnrin adúláwọ̀ ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà, wọn kò ní rà á. Ó ní òun ń ṣe iṣẹ́ lórí nǹkan mìíràn, tí òun yóò sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé adúláwọ̀ ló ṣe é. Kò sí ohun tí a gbọ́ nípa nǹkan mìíràn náà mọ́. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fojú fò. Àwọn obìnrin Atlanta pọ̀, wọ́n sì lè di aṣọ ìlú mú. Eglin nìkan wà pẹ̀lú ohun tí ó wà lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ni ìdènà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí sọ di olówó, ó dára kí a rántí dọ́là 18 yẹn.

Orúkọ tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Maytag. Ọdún 1893 ni Frederick Louis Maytag àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Newton ní ìpínlẹ̀ Iowa, irinṣẹ́ oko ni wọ́n sì ń ṣe. Irinṣẹ́ oko ní àsìkò tí ó ń tà, ó ní àsìkò tí kì í tà. Láti dí àlàfo yìí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ onígi kan ní 1907, tí a ń fi ọwọ́ yí. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi dí àlàfo gba ipò iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ní 1919 wọ́n yọ́ alumíníọ̀mù da ọpọ́n odindi. Ní 1922 sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Gyrafoam jáde, iṣẹ́ ọgbọ́n Howard Snyder. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ a máa wọ́ aṣọ kiri nínú omi. Èyí fi abẹ̀bẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, ó sì ń fi omi gba inú aṣọ kọjá. Aṣọ kì í ya mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọpọ́n náà kò sì ní ohunkóhun lókè tí yóò dí ẹni tó ń kó aṣọ sí i lọ́wọ́.

Iná mànàmáná ńkọ́? Ní àárín àwọn ọdún 1930, bí oko mẹ́wàá bá wà ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀kan péré ni iná dé. Ilé-iṣẹ́ Maytag ti rí èyí láti nǹkan bí 1914, ó sì ti ń ta ẹ̀rọ tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń mu bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì náà wà lábẹ́ ọpọ́n, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dáhùn, bí ìgbà tí a bá ń ta alùpùpù sípàá, páìpù gígùn kan ni ó sì ń gbé èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà jáde. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwa tí a mọ ohùn jẹnẹrétọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ tí yóò mú iná dé ìgbèríko sílẹ̀ ní 1935, ẹ̀rọ ìfúnṣọ wà lára àwọn ohun tí àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń rà bí wáyà bá ti dé ilé wọn. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ra tuntun: ó tú ẹ́ńjìnnì kúrò, ó de mọ́tò oníná sí ipò rẹ̀, ọpọ́n kan náà sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀ náà. Omi gbígbóná kan ṣoṣo ni a ń lò fún gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀, nítorí pé pípọn rẹ̀ àti gbígbé e kaná kì í ṣe eré. Funfun ni ó ń kọ́kọ́ wọlé, aláwọ̀ tẹ̀ lé e, aṣọ oko tí ó kún fún ẹrẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Ọpọ́n méjì mìíràn wà nítòsí, ọ̀kan fún omi tí a fi ń ṣan án, èkejì fún omi tí a fi búlúù sí fún aṣọ funfun, búlúù kan náà tí àwọn ìyá wa ń dì mọ́ aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń fọ aṣọ ìsìn. Ẹni tó ń fọṣọ ni ó ń pinnu ìgbà tó tó. Ẹ̀rọ kì í dá ara rẹ̀ dúró. Ó ń fi igi gbọọrọ kan yọ aṣọ nítorí ooru omi. Ó ń ká bọ́tìnnì sínú kí ọ̀pá má baà já a tàbí kí bọ́tìnnì má baà ya rọ́bà. Etí aṣọ tó tín-ín-rín ni ó ń kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu. Yorùbá ní ọwọ́ ọ̀tún ni í wẹ òsì, tí òsì sì ń wẹ ọ̀tún. Nídìí ẹ̀rọ yìí, ọ̀tún ń ti aṣọ wọlé, òsì ń gbà á lódìkejì. Lẹ́yìn èyí, ó ń yí ọrùn irin náà sórí ọpọ́n kejì, ọ̀pá á sì tún fún aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí aṣọ yóò fi dé orí okùn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò lè fọ ọpọ́n aṣọ púpọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ọ̀pá náà kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ìka. Apá aṣọ tó tú, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ohunkóhun tó bá kan ẹnu rẹ̀ ni yóò gbé mì. Àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe jù, torí ọmọdé fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ọ̀pá sì wà ní déédéé ojú rẹ̀. Ní 1938, oníṣègùn MacCollum kọ ìwé nípa ìpalára yìí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ti New England, orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà nínú Gẹ̀ẹ́sì ìṣègùn sì fi ọ̀pá ìfúnṣọ pe apá tó ṣe léṣe. Egungun lè má ṣẹ́. Ohun tó burú ni pé apá yóò há níbi ìgúnpá tàbí abíyá, ọ̀pá yóò sì máa yí lórí ibẹ̀, á máa bó awọ, á máa tẹ ẹran ara. Wíwú rẹ̀ kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè di wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń dá ọmọ náà dúró sí ilé ìwòsàn láti máa ṣọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá rẹ̀ dà bí èyí tí kò ní nǹkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ fi irin ìtúsílẹ̀ sí orí ọ̀pá: bí a bá gbá a, sípíríǹgì á tú, ọ̀pá òkè á sì fò kúrò lórí ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ṣẹ́ kù ni yóò gbá irin náà, ẹni tí ẹ̀rù ti bà a sì máa ń fa apá rẹ̀ sẹ́yìn dípò kí ó gbá a.

Ní 1937 ni ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ ti Bendix dé ọjà, tí ó ń bu omi, tí ó ń fọ̀, tí ó sì ń fi ìyíkiri yọ omi láìsí ọ̀pá. Ogun Àgbáyé Kejì dá a dúró. Láti 1942, àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ Amẹ́ríkà ń ṣe ohun ìjà àti ẹ̀yà ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfúnṣọ sì ní láti mọ bí yóò ti mú un wà láàyè. Lẹ́yìn ogun, aládàáṣiṣẹ́ borí. Ruth Schwartz Cowan, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1983, jiyàn pé ẹ̀rọ inú ilé kò dín iṣẹ́ ìyàwó ilé kù tó bí a ti rò: iṣẹ́ tí alágbàfọ̀ àti ilé ìfọṣọ ìlú ń ṣe ni ó padà sórí ìyá ilé nìkan, aṣọ tí a ń fọ̀ sì pọ̀ sí i. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí a bá rántí àwọn 3,000 obìnrin Atlanta. Agbára tí wọ́n ní ní 1881 wá láti inú pé ìlú kò lè fọṣọ láìsí wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ dé ibi ìdáná oníbàárà, agbára yẹn lọ, owó iṣẹ́ náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1983 kan náà ni Maytag ṣe ẹ̀rọ ìfúnṣọ tí ó kẹ́yìn ní Newton. Ilé-iṣẹ́ Whirlpool ra Maytag ní 2006, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ Newton pa ní 2007.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò kú. Àwọn ìjọ Amish, tí wọ́n jẹ́ Kristẹni tí àwọn baba ńlá wọn wá láti Yúróòpù, tí wọ́n sì pọ̀ ní Ohio àti Pennsylvania, kì í so ilé wọn mọ́ wáyà iná ìjọba. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹ̀rọ. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu èyí tí wọn yóò gbà. Ẹ̀rọ ìfúnṣọ jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ wọn gbà. Ní Kidron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ilé ìtajà Lehman's, tí Jay Lehman bẹ̀rẹ̀ ní 1955 nítorí àwọn ará àdúgbò yìí, wà lára àwọn tó sọ ẹ̀rọ àtijọ́ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ di ọjà títà.

Títún un ṣe ni ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín rẹ̀ àti ẹ̀rọ òde òní. Bí a bá dojú ẹ̀rọ ìfúnṣọ bolẹ̀, gbogbo ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ wà ní gbangba: mọ́tò, bẹ́líìtì níbi tó bá wà, àpótí jíà, àti ọ̀pá tó gba àárín ọpọ́n lọ sókè. Sípánà mélòó kan tó láti tú u. Àìsàn rẹ̀ kò pọ̀, àmì wọn sì yé ojú. Bí epo inú àpótí jíà bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Rọ́bà ìdènà tó yí ọ̀pá àárín ká ni ó ti jẹ. Kí a da epo náà nù, kí a pààrọ̀ rọ́bà, kí a sì bu epo mìíràn sí i. Bí abẹ̀bẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tí kò ṣe é yọ, ìyókù ọṣẹ àti ìpata ọdún púpọ̀ ni. Omi gbígbóná àti sùúrù ni oògùn rẹ̀, òòlù ni í fọ́ ọ. Wáyà mọ́tò tí awọ rẹ̀ ti ń já kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀. A ní láti yọ ọ́ pátápátá, kí a sì so irin ẹ̀rọ náà mọ́ ilẹ̀, nítorí ẹni tó ń lò ó dúró lórí ilẹ̀ tútù. Bí ó bá jẹ́ oníbẹntiróòlù, ẹni tó gbàgbé láti da epo ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù yóò rí i pé písítìnì ti há.

Rọ́bà ọ̀pá ni ó ń béèrè ìtọ́jú jù lọ. Bí a bá fi ọ̀pá méjèèjì sílẹ̀ ní fífún mọ́ra láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti kan ara wọn yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní fún aṣọ dọ́gba mọ́. Oòrùn a máa mú un le, á sì sán. Ní ọ̀pọ̀ ilé Amish, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí Maytag ṣe ti lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré ti Honda ni ó wà lábẹ́ ọpọ́n, tàbí mọ́tò kan tí afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú àgbá ń yí, èyí tí kì í rú èéfín nínú ilé. Ọpọ́n náà kò yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, bí aṣọ tó kẹ́yìn bá ti dé orí okùn, ẹni tó fọ̀ ọ́ yóò fa omi ọpọ́n dànù, yóò nu rọ́bà ọ̀pá méjèèjì gbẹ, yóò sì tú ìdè òkè kí wọ́n má baà kan ara wọn títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.